Àbúrò Rẹ àti Túùbù Tó Yí Àwọ̀

                                                  Ilé Kẹrìnlá, Àjà Kejì,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹnìkejì mi, ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí kò gbó,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti jẹ́ kó jókòó dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mọ́mì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn? Bá mi kí gbogbo wọn báyìí tí ọwọ́ mi ṣì gbóná, torí bí mo bá dé ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí, mi ò mọ̀ bóyá ojú á ṣì wà fún mi láti kí ẹnikẹ́ni nílé yín.

Èmi náà wà. Ara mi le, ọmọbìnrin mi ń dàgbà, ọkọ mi ń jẹun, ó ń hanrun. Kò sí ohun tó ṣe wá, àfi èmi tí mo ṣe ara mi.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. O ní àbúrò rẹ dé bá ọ lójijì pẹ̀lú báàgì méjì, pé o bi í títí, kò sọ ju pé kó o jẹ́ kí òun sinmi, pé èmi tọ́jú òun dáadáa. O wá ní kí n sọ ọ́ fún ọ láìfi bọpo bọyọ̀: ṣé ó lóyún ni, àbí ó jalè? Ọ̀rẹ́ mi, kò lóyún, kò sì jalè. Èmi ni mo lé e. Mo tètè kọ ìyẹn sílẹ̀ kí ọgbọ́n orí mi má baà rí àyè fi aṣọ bò ó.

Jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tó o fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, tó o ní kí n jẹ́ ìyá fún un níbi, inú mi dùn. Mo tún yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣe fún un. Èmi gan-an ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá, mo ní àbúrò mi ni. Mo rò pé ẹni tí yóò máa bá mi fọ túùbù ni mo mú wá. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n máa gbàgbé mi nítorí rẹ̀ ni.

Ìwọ ti fi iṣẹ́ láàbù sílẹ̀ lọ ṣe tíṣà tipẹ́tipẹ́, nítorí náà má bínú tí mo bá ń ṣàlàyé ohun tá a jọ kọ́. O rántí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kì í kú bí ìyà bá dé? Bí oúnjẹ bá tán, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, wọ́n á súnkì, wọ́n á wọ aṣọ lé aṣọ, wọ́n á di wóró, wọ́n á sùn. O sè é, kò kú. O sá a sóòrùn, kò kú. Ó lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú iyẹ̀pẹ̀, ọjọ́ tí ara bá rọ̀ ọ́ ni yóò jí. Irú wọn kan ló wà nínú ilẹ̀ tí ń mú ara gan bí igi fún ẹni tí ìṣó gún lẹ́sẹ̀. Nítorí wóró yìí ni iṣẹ́ mi ṣe wà. Ẹ̀rọ ooru méjì ni a fi ń se irinṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ, èmi ni mo sì ń wò ó bóyá ooru wọn pé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Ẹ̀rọ.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo ní ìwé pélébé tí kò tóbi ju èékánná lọ, tí wọ́n ti fi wóró kan tó lágídí jù lọ sí lára. Mo máa ki méjì sáàárín irinṣẹ́ nínú ẹ̀rọ, ẹ̀kẹta á dúró síta. Bí ẹ̀rọ bá ti parí, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wọ inú túùbù omi aláwọ̀ elésè àlùkò, ó di inú àpótí ìgbóná. Èyí tó dúró síta gbọ́dọ̀ jí, kó sọ omi rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè. Méjì tó wọ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti kú, omi wọn ò sì gbọdọ̀ yí. Bó bá yí, wóró là á já nìyẹn, ẹ̀rọ náà ò dáa, kí á tì í, kí á sì gba gbogbo irinṣẹ́ tó ti inú rẹ̀ jáde padà. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣe èyí, ẹnikẹ́ni kò bi mí rí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é.

Àbúrò rẹ dé, Ọ̀gá fi í sídìí wóró mìíràn, èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ènìyàn. Oògùn lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n fi ń ṣe fún àwọn ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu lẹ́yìn tí wọ́n bá lo oògùn apakòkòrò. Nítorí pé wóró ni, oje inú ikùn ò lè pa á, ó di inú ìfun kó tó jí, níbẹ̀ ni yóò ti máa bá àwọn kòkòrò burúkú du àyè. A ṣì ń dán an wò ni, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó ní sùúrù, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ìwé ẹni tó fẹ́ lọ gba ẹ̀bùn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré.

Ibẹ̀ ló ti ń ta mí lára. Bí àlejò bá wá, Ọ̀gá á gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ nìyẹn," wọ́n á wá dúró lọ́dọ̀ tirẹ̀ fún odidi wákàtí kan. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú yàrá mi. Mo máa ń fọ túùbù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nílé ńkọ́? Ní tábìlì oúnjẹ, ọmọbìnrin mi bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú iyọ̀, ó mú ṣíbí, ó fi ṣàlàyé bí kòkòrò ṣe ń di wóró. Ó ní àwọn kan ń gbìyànjú láti lẹ àjẹsára mọ́ ara aṣọ wóró náà, kí ọmọdé lè gbé e mì láìsí abẹ́rẹ́, kí oògùn náà má sì nílò fíríìjì. Ó ní àwọn kan ń pò ó mọ́ kọnkéré, pé bí ògiri bá sán tí omi wọlé, wóró á jí, á sì fi ẹfun dí ojú ibi tó sán. Ọmọ mi lanu sílẹ̀. Ọkọ mi tí kì í gbójú kúrò nínú àwo gbójú sókè, ó ní, "Iṣẹ́ yìí mà dùn o!" Mo ní, "Iṣẹ́ wo?" Ó ní ti ọmọ yìí. Ọ̀rẹ́ mi, ọdún mẹ́rìnlá ni èmi àti ọkùnrin yìí ti jọ ń jẹun ní tábìlì yẹn. Wóró ni èmi náà ń lò! Mo dìde, mo ní orí ń fọ́ mi. Owú ni. Mo jowú ọmọ tí mo lè bí.

Ọmọ náà ò sì ràn mí lọ́wọ́, torí kò ṣe ìgbéraga kankan tí ǹ bá fi rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ó ń fọ aṣọ mi mọ́ tirẹ̀. Ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ń bí mi nínú. Mo ń wá àṣìṣe rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn báyìí. Mo ṣí àpótí ìgbóná láàárọ̀, mo rí i pé túùbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ẹ̀rọ kejì ti yí sí àwọ̀ ìyeyè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. O mọ ohun tó yẹ kí n ṣe: kí n ti ẹ̀rọ, kí n sáré lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kọ́ nìyẹn. Mo rántí pé lọ́jọ́ tí mò ń pín omi sínú túùbù wọ̀nyẹn, àbúrò rẹ gba yàrá mi kọjá pẹ̀lú àwo lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, tí kò bò ó dáadáa. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní ọwọ́ mi ti bà á. Wóró tirẹ̀ ló fò sínú túùbù mi, ló sì bà mí níṣẹ́ jẹ́.

Mo pè é. Mo fi túùbù hàn án, mo sọ̀rọ̀ débi tí àwọn tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ fi dúró. Ó bẹ̀ mí nítorí àwo tí kò bò, òótọ́ ni ìyẹn, ó jẹ̀bi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn mi, ó wo ògiri, ó wá wo ojú mi. Ó ní, "Àǹtí, àpótí yín..."

Ṣé o mọ ohun tó wà lára ògiri yẹn? Ìwé tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ mi kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni: ÌGBÓNÁ ỌGỌ́TA. WÓRÓ TIWA NÌKAN LÓ LÈ JÍ NÍBÍ. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Wóró ìdánwò wa fẹ́ràn ooru, inú àpótí tó gbóná ju ara ènìyàn lọ fíìfíì ló ti ń jí. Wóró ti àbúrò rẹ, ìgbóná ara ọmọdé ló bá a mu. Bó o bá da odidi ìgò lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sínú túùbù mi, kò ní jí níbẹ̀ láéláé, kò sì ní yí àwọ̀ omi kankan padà. Ọmọ tó wọlé sẹ́nu iṣẹ́ yìí lánàá mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ń kọ́ wọn. Owú ti dí mi lójú débi pé mo gbàgbé ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ mọ́ ògiri.

Kò tíì burú jù níbẹ̀ o. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe àṣìṣe. Ìgbà tó wo ògiri yẹn, èmi náà yíjú, mo kà á, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti pariwo, báwo ni n ó ṣe sọ pé èmi àgbà iṣẹ́ ló gbàgbé? Mo kọ ìwé ẹ̀sùn, mo gbé e lọ bá Ọ̀gá. Mo ní lọ́kàn mi pé n ó tún ẹ̀rọ náà dán wò lọ́la wẹ́rẹ́, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Lọ́la, ọ̀rẹ́ mi! Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ rẹ̀ la ikùn ènìyàn lónìí.

Ọ̀gá bínú gan-an, torí pé ìdánwò oògùn àwọn ọmọdé kò gba ìwà àìbìkítà. Wọ́n bi àbúrò rẹ bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó wò mí. Mo wo bàtà mi. Ó ní òun ò ní. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Ó di ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà tí mo wà lọ́jà, ọwọ́ mi ni mo fi wọ́ orí ọmọ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó lọ yẹn ni nọ́ọ̀sì àgbà yàrá iṣẹ́ abẹ wá bá mi. Ó di mọ́ mi. Ó ní, "Ìyá Ẹ̀rọ, ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun! Ọmọ yín wá jíṣẹ́ yín lánàá, pé ẹ ní ká má fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá ti inú ẹ̀rọ kejì jáde. Obìnrin kan ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí a fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. A dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ̀rọ kìíní la lò. Ìyá ń bẹ, ọmọ ń bẹ."

Mi ò rán an níṣẹ́ kankan. Ó ti kúrò ní ọ́fíìsì Ọ̀gá, níbi tí mo ti bà á lórúkọ jẹ́, ó gba ibẹ̀ lọ tààrà sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sì fi orúkọ mi dá wọn dúró. Ó mọ̀ pé wọn ò ní gbọ́ tòun mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Kò tọ́pẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu mi ṣe sọ ọ́. Mo ké sí onímọ̀ ẹ̀rọ ní Ọjọ́bọ̀, ó bá rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ kejì tó ti ya, ooru ń sá gba ibẹ̀ jáde. Nígbà ìpàdé ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá ní kí n dìde. Wọ́n ní ojú mi ló gba ilé ìwòsàn yìí là. Ní ti àbúrò rẹ, ẹ̀ṣẹ̀ àwo tí kò bò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, mi ò sì gbà á sílẹ̀. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Àtẹ́wọ́ yẹn ni mo ti ń wá láti ọdún mẹ́rìnlá, ẹnìkejì mi, ó sì dùn mọ́ mi títí mo fi jókòó. Ìgbà tí mo jókòó ni mo rí i pé àbúrò rẹ náà ló fún mi. Ṣé o rí irú ènìyàn tí mo jẹ́? Dípò kí ojú tì mí, ṣe ni mo tún jowú rẹ̀. Mo jowú pé inú rẹ̀ mọ́ jù tèmi lọ. Owú tí mo ń jẹ tẹ́lẹ̀ nítorí ìyìn Ọ̀gá ṣì ní ìwọ̀n. Èyí kò ní òpin, torí mi ò mọ ibi tí ènìyàn ti ń kọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe wà nìyẹn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí mò ń dáhùn sí ìkíni tí kì í ṣe tèmi, títí lẹ́tà rẹ fi dé. Ibi tó o ti kọ ọ́ pé ó ní mo tọ́jú òun dáadáa ni mi ò ti lè kà á síwájú. Ọkọ mi bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì sọ fún un. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Ọ̀gá yín máa ń wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àbí?"

Mo lọ lánàá. Mo ka ẹjọ́ ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá ò pariwo, ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọmọ yẹn pé wóró tirẹ̀ kò lè jí ní ìgbóná ọgọ́ta?" Mo ní èmi ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi, pé kí n má ṣe fọwọ́ sí ìwé ìdánwò kankan mọ́. Wọ́n ní àbúrò rẹ ni yóò máa bójú tó ẹ̀rọ méjèèjì pẹ̀lú iṣẹ́ oògùn rẹ̀, kí èmi máa ṣe ohun tó bá ní kí n ṣe. Wọ́n kọ lẹ́tà ìpadàbọ̀ rẹ̀ níṣojú mi. Òun ló wà nínú àpò ìwé yìí, lẹ́yìn tèmi. Fún un kó kà á kó o tó sọ ohunkóhun fún un.

Bó o bá fẹ́ bú mi, bú mi dáadáa, má dá a sí. Àbúrò rẹ lo fi sọ́wọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́ fún: má jẹ́ kí ìbínú sí mi mú ọ sọ pé kó má padà. Iṣẹ́ yìí tọ́ sí i, àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù sì ń béèrè rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ gbé ilé wa mọ́, mo ti bá ìyàwó onímọ̀ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, wọ́n ní yàrá kan lófo lọ́dọ̀ wọn. Ọmọbìnrin mi ní kí n kí i, ọkọ mi náà ń kí yín. Èmi ń kí Mọ́mì, bí wọ́n bá ṣì ń gba ìkíni mi.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í ṣe ọ̀la, ni wọ́n ń retí rẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà nídìí tábìlì yàrá ẹ̀rọ, èmi nìkan ló sì ń jókòó sí i láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Tó bá wọlé, n ó dìde fún un níṣojú gbogbo wọn. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, owú náà ò tíì kúrò, n ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n n ó dìde.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bó o bá ṣì fẹ́ mi,

Ìyá Ẹ̀rọ.